Ẹ Má Tan Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Yẹn, Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, mo kí Màmá Àgbà, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Oǹdó. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kó jọ̀ọ́ kà á sókè kí gbogbo agboolé gbọ́. Fóònù yín kò wọlé láti àná ni mo ṣe fi í rán dírẹ́bà.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹ má tan ẹ̀rọ náà.

Ṣáàfù tuntun tí mo fi ránṣẹ́, irin gbọọrọ tó ń yí nínú ẹ̀rọ yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Ẹ ti bi mí rí pé irú iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wo ni kò ní ẹ̀yinná. Páìpù bàbà tí a ká bí òṣùká ni ẹ̀yinná tiwa. A ó ti irin bọ àárín rẹ̀, iná mànàmáná á mú un pọ́n kí èèyàn tó ka ogún, a ó sì da omi lù ú. Ara rẹ̀ á le, kò ní tètè gbó. Ṣùgbọ́n irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le báyìí lè ṣẹ́ bí àwo. A gbọ́dọ̀ kó o sínú ààrò fún wákàtí kan kí agídí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Èyí tó bá jáde nínú ààrò la máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Lọ́jọ́ náà, òjò ṣú, mo ń kánjú. Mo ti sàmì sí ṣáàfù mẹ́ta kí n tó kó wọn sínú ààrò. Bí mo ṣe ní kí n kó wọn wọlé ni wọ́n mú iná lọ, mo bá lọ sílé. Nígbà tí n ó fi dé lọ́jọ́ kejì, ẹnìkejì mi nídìí iṣẹ́ ti rí ṣọ́ọ̀kì, ó ti dì wọ́n. Méjì lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ẹ̀kẹta wá sọ́dọ̀ yín. Èmi rò pé ó ti kó wọn sí ààrò. Àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ kàn án, ó ní òun kò dé ìdí ààrò rárá.

Nínú yàrá tí mo ń dá gbé ní Àkúrẹ́ yìí, kò sẹ́ni tí mo lè rò ó fún. Ọ̀gá wa ní kò tíì ṣẹ́, mo ti ń sunkún, pé kí n panu mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Ọwọ́ yín lẹ fi ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ náà.

Ẹ má bínú pé n kò tíì wá sílé fúnra mi. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mo ń lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ní ọmọ tó lè kọ̀wé sí yín. Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ níbẹ̀ kò mọ̀ mí rí.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọwọ́ yín méjèèjì títí n ó fi dé. Ẹ bá mi kí tilé-toko.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bùnmi