Rédíò Ẹ̀yìnkùlé: Ìgbé Ayé Màmá Wa Alágbàfọ̀, 1949 sí 2025

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1949 ni a bí Màmá, ní abúlé kan tí odò kékeré gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé epo rọ̀bì wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá wọn ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Àwọn ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́fà, àwọn nìkan ló sì ṣẹ́kù nínú wọn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹnu ṣì ń yà wá bí a ṣe ń kọ “ọ̀sẹ̀ tó kọjá” yẹn. Ẹni tó bu omi sínú bàsíà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tó sì bá aládùúgbò jà nítorí ajá rẹ̀, ni a jókòó tí a ń kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn yìí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún 1956, wọ́n sì parí ìwé mẹ́fà ní 1962. Olùkọ́ wọn máa ń sọ pé ọmọ yìí a máa rí àṣìṣe lójú pátákó kí òun tó kọ ọ́ tán. Wọn ò lọ jù bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn ọmọkùnrin ni owó ilé wà fún nígbà náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ wọn tó gbọ́dọ̀ pa ilé ìwé jẹ.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé iṣẹ́ kan gbẹ́ kànga epo àkọ́kọ́. Kí ọdún márùn-ún tó pé, abúlé ti di ìlú. Ní 1970 Màmá fẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ń jó irin pọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà. Bàbá wa ni. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: ọkùnrin kan ní 1971, obìnrin kan ní 1975, àti ọkùnrin mìíràn ní 1980.

Aṣọ iṣẹ́ Bàbá ló sọ Màmá di alágbàfọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé nínú gbogbo wọn, ọrùn aṣọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń mọ́. Nígbà tí owó epo fò sókè ní 1974, tí àwọn àpọ́n ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, gbogbo wọn ló kó ófáróòlù wọn wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ìgbà ọ̀pọ̀ ni ìgbà yẹn. Ẹni tí kò ní iná mànàmáná nílé ra fíríìjì, ó ń kó ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ẹ̀.

Okùn méje ni Màmá ta sí ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ojúlé ló sì lè rí i láti ojú fèrèsé. Bí okùn méje bá kún, àdúgbò á tú owó sílẹ̀. Káfíńtà kì í ra pákó láìkọ́kọ́ na ọrùn wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá ń kà jinlẹ̀ ju iye aṣọ lọ. Bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú bá wà létí ṣòkòtò, a jẹ́ pé wọ́n ń gbẹ́ kànga ni, iṣẹ́ ṣì ń bọ̀. Bí epo dúdú bá wà láyà àti lápá, epo ń jáde. Bó bá wá jẹ́ ìpẹtà nìkan ni, tí èérún búrẹ́dì sì kún inú àpò, àwọn ọkùnrin kàn ń jókòó ni. Èyí ni àdúgbò fi sọ wọ́n ní Rédíò Ẹ̀yìnkùlé, Màmá náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ní ọdún 1983, Màmá gbé ófáróòlù kan síwájú Bàbá, wọ́n yí àpò rẹ̀ síta, èérún búrẹ́dì sì dà sílẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá àwọn ọmọ mi, oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ yín báyìí o. Ẹ má tíì ra páànù yẹn.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó àwọn ti di mánẹ́jà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, orúkọ Bàbá sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Àwa rí jẹ. Àwọn mìíràn ò rí. Àwọn tó ra fíríìjì tà á fún ẹni tó fi ń sin adìyẹ. Ọkọ ìyá olóúnjẹ tó wà níkòóríta lọ wáṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òun máa lò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ò tíì pé dòní.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní 1986 tí Màmá ò gbàgbé láé. Ilé iṣẹ́ tún lé èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ sì gbọ́ pé akọ̀wé ọ́fíìsì kan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì panu mọ́. Wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Màmá ló fi aṣọ tútù bo àwọn ọmọ akọ̀wé náà méjèèjì gba ilé ìdáná jáde. Ọwọ́ òsì wọn jóná níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá wọn bọwọ́ rí ẹ mọ àpá náà.

Bàbá wa fi ayé sílẹ̀ ní 1992. Màmá kò fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn pọ̀. Wọ́n ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n kọ́ obìnrin mọ́kànlá ní iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bú gbogbo wọn. Nínú ìjọ, ìjókòó kẹta láti iwájú ni tiwọn, àwọn ló sì ń tọ́jú aṣọ pẹpẹ. Nígbà tí epo tún gbówó lórí, ọmọ wọn obìnrin fẹ́ fọ́máànù kan nínú ilé iṣẹ́ epo ní 2006. Màmá fẹ́ràn ọkùnrin náà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń jẹun lórí tábìlì wọn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tí iṣẹ́ ti ń lọ sílẹ̀, aṣọ ṣàdédé ya wọlé. Okùn méje ò gbà á mọ́, wọ́n ń fi kọ́ ògiri. Epo dúdú kì lára gbogbo wọn, sìmẹ́ńtì sì gan mọ́ orúnkún. Kò sí kànga tuntun tí wọn kì í lo sìmẹ́ńtì sí, nítorí náà inú àdúgbò dùn. Àkọ́bí Màmá, tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ ra ọkọ̀ ńlá méjì tí yóò máa gbé omi lọ sí ìdí kànga. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Rédíò. Màmá ní kó dúró ná. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n ní, “Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Kànga tuntun méjìlá ni.” Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún káfíńtà, tó gba ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, àti fún ìyá olóúnjẹ, tó fi gbogbo ohun tó ní kọ́ ilé oúnjẹ kejì.

Oṣù méje péré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ẹ̀wọ̀n wà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ epo. Kò sí kànga tuntun kankan. Gbogbo àsìkò yẹn, páìpù ni wọ́n ń hú, sìmẹ́ńtì náà sì ni wọ́n ń rọ sínú àwọn kànga láti dí wọn pa. Ìdọ̀tí ìtúpalẹ̀ ni àdúgbò ń jó sí.

Nígbà tí àdúgbò pé lé Màmá lórí lẹ́nu ọ̀nà, gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: “Mo ṣì í kà.” Wọn ò fi kún un. Ẹnì kan gé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí aṣọ ṣì kù lórí wọn lójú gbogbo èèyàn, Màmá sì ṣa aṣọ nílẹ̀, wọ́n tún un fọ̀. Káfíńtà ò kí wọn mọ́. Rédíò Ẹ̀yìnkùlé di Rédíò Tó Bàjẹ́, àwọn ọmọdé ń fi kọrin. Nínú ìjọ, wọ́n ṣí kúrò ní ìjókòó kẹta lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó ní kí ló dé. Àkọ́bí wọn wá nígbà tí àwọn tó yá a lówó gba ọkọ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ bayé mi jẹ́.” Ọdún mọ́kànlá ni kò fi tẹ ẹnu ọ̀nà náà mọ́, bẹ́ẹ̀ òpópónà mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Á rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kí ìyá àgbà, òun á sì dúró dè wọ́n níkòóríta.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá ń sá aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n sì jókòó sórí bàsíà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Aládùúgbò tó ni ajá rò pé wọ́n ń sinmi. Nígbà tó wá láti parí ìjà àárọ̀ náà, kò bá ẹni tí yóò bá jà mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọn ò ṣàìsàn, wọn ò tiẹ̀ wúkọ́.

A rò pé ìyẹn ni ìdágìrì tó tóbi jù tí a máa rí. Ní ọjọ́ kẹta, yàrá àlejò kún fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, káfíńtà àti ìyá olóúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ẹnì kan mí kanlẹ̀, ó ní àṣìṣe kan ṣoṣo tí Ìyá Alágbàfọ̀ ṣe láyé ló tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ni àna wa, fọ́máànù, bá dìde dúró. A rò pé omi ló fẹ́ mu.

Ó ní, “Màmá ò ṣì í kà. Wọ́n mú aṣọ náà wá bá mi ní géètì, wọ́n fi sìmẹ́ńtì yẹn hàn mí. Wọ́n ní, ‘Ọkọ ọmọ mi, sìmẹ́ńtì yìí, ṣé ẹ fi ń kọ́ kànga ni àbí ẹ fi ń dí i?’ Ilé iṣẹ́ ti ní ká tọwọ́ bọ̀wé pé ẹni tó bá sọ ọ́ síta, ọwọ́ òfo ló máa bá lọ. Ọdún méje ni mo ti fi ń retí ọmọ nígbà náà, mi ò fẹ́ kí ọmọ wá bá mi lọ́wọ́ òfo. Mo ní kànga tuntun ni. Èmi ni mo sọ pé méjìlá.”

Ó ní nígbà tí géètì tì, òun lọ bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kóun jẹ́wọ́ fún àdúgbò. Màmá ní, “Pa ẹnu ẹ mọ́. Wọ́n á sun ilé ẹ, ìyàwó ẹ sì wà nínú oyún. Èmi ni mo ṣì í kà. Ó parí.”

Àbúrò wa, ìyàwó rẹ̀, gbé tíréè ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde. Òun náà ò mọ̀. Títí a fi kọ ìwé yìí, kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àna wa fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ síbí, ká má fi igbá bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Atẹ̀wé pè wá lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè bóyá ojú ìwé yìí ò ṣèèṣì wọlé. Kò ṣèèṣì. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn tó ń wọlé nínú wa fi ń wo Màmá bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ fún ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń yan ẹran tó tóbi sí àwo rẹ̀, a ò sì rí nǹkan kan lójú wọn. Àwa ọmọ ẹni tó ń ka ìdọ̀tí aṣọ, a ò lè ka ojú ìyá wa.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: olùkọ́ tó padà sí ẹnu iṣẹ́ olùkọ́, aránṣọ, àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sáyé, tí ìbejì tí wọ́n torí wọn panu mọ́ wà nínú wọn, wọ́n ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Wọ́n fi àna mẹ́ta sáyé. A kọ mẹ́ta, torí Màmá ò yọ ọ̀kankan kúrò.

Orúkọ ẹbí ló wà lábẹ́ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló kọ ọ́, ọwọ́ àkọ́bí ni, torí wọ́n ní olùkọ́ ló mọ̀wé kọ. Ìgbà tí wọ́n gbé òkú Màmá wọlé ni mo tẹ ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bá mi gbọ́: ìyá yìí rí i pé nǹkan ò dọ́gba, wọ́n lọ béèrè, irọ́ ni wọ́n pa fún wọn, wọ́n sì ru ìtìjú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kí ilé ọmọ wọn má baà jó. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bẹ̀ wọ́n nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́. Èmi ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n.

Kí ilẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí Ọlọ́run fún wọn ní ìsinmi tí a ò jẹ́ kí wọ́n ní lọ́dọ̀ wa. Ẹ ò jẹ̀bi, Màmá. Ẹ sùn re o.