Béárì Kan Ṣoṣo

Apuela, Ecuador

Fausto àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le ní Murcia, ní Sípéènì lọ́hùn-ún? Orúnkún Màmá ṣì ń dùn ún, òjò sì ti ba ẹ̀wà wa jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Yadira, ọmọ yunifásítì tó so kámẹ́rà mọ́ igi nínú igbó wa, ti padà dé. Ó ní kọ̀ǹpútà ti wo gbogbo àwòrán béárì tí kámẹ́rà náà yà, àmì funfun ojú wọn ló sì fi ń dá wọn mọ̀.

Ó wá sọ fún Bàbá wa pé, "Bàbá, béárì kan náà ni gbogbo wọn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yín ò ríran! Àwọn tó ń jẹ àgbàdo mi lọ́dọọdún ńkọ́?"

"Òun náà ni, Bàbá. Akọ ni, ó sì ti darúgbó. A ò rí abo kankan."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní ká má ṣe kórè àgbàdo ẹ̀bá igbó, ká fi í sílẹ̀ fún béárì arúgbó náà.

Nítorí náà, má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ wá máa mú àlejò wo béárì mọ́ bí o ṣe ń gbèrò; ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Jọ̀ọ́, fi ìpara orúnkún ránṣẹ́ sí Màmá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o dá nìkan wà níbẹ̀ bíi ti béárì yìí.

Èmi ni Zoila, ẹ̀gbọ́n rẹ.