Ègbè fún Orin Yèyé

Yèyé mi àgbà,

Mo kí yín láti ìlú òyìnbó. Mo kí gbogbo ará ilé ní Àrámọ̀kọ, àti Bọ̀dá Ìbíkúnlé tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ikọ́ mi ti lọ. Mo yege nínú ìdánwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé ẹ̀kọ́ yìí ju agbára mi lọ.

Ọ̀dọ̀ Felicia, ọ̀rẹ́ mi ará Ìjerò, àti ọkọ rẹ̀ ni mo ti ń lo ìsinmi. Wọ́n ń ṣe àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń gbé níbí, a sì ń bá wọn to àga, a ń pín tíì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Lánàá, wọ́n ní kí n kọ orin ìlú wa. Mo dá orin alámọ̀ tí ẹ máa ń kọ, mo sì dákẹ́ kí wọ́n gbè é. Wọ́n rò pé ó ti parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú tì mí, mo lọ jókòó.

Felicia sáré dé láti ìdí tíì. "Ìwọ yìí! O ò pè wá kó o tó dá a. Ṣé àga tó o tò ni yóò gbè é fún ẹ?"

Mo ti bẹ̀ wọ́n, màá tún kọ ọ́ ní Sátidé. Mo ń kọ́ Felicia, ọkọ rẹ̀ àtàwọn tó ń pín tíì ní ègbè. Ohùn wọn kò tíì dọ́gba, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ dópin, màá sì dárúkọ yín.

Kí Ọlọ́run dá yín sí. Sátidé á ti kọjá kí lẹ́tà yìí tó dé. Síbẹ̀, bí Bọ̀dá bá kà á débí, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ilé bá mi gbè é.

Ọmọ ọmọ yín,
Fọláṣadé