Bọ̀ọ̀dá Kosei, Takumi Wá Sílé Wa Láàárọ̀ Yìí

Bọ̀ọ̀dá Kosei, ọdún mẹ́fà rèé tẹ́ ẹ ti lọ. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń kà á níbí, ọdún tẹ́ ẹ kú gan-an wà nínú ẹ̀, torí náà ìrántí ọdún keje yín là ń ṣe lónìí. Èmi Misuzu, àbúrò yín, ni mò ń kọ ọ́. Mọ́mì ní kí n kọ nǹkan jẹ́jẹ́. N ò ní nǹkan jẹ́jẹ́ kankan. Ọwọ́ mi ṣì wú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé ṣe wà. Lọ́dún kejì tẹ́ ẹ lọ, ìjì ńlá dé, ó ká òrùlé ilé àlejò wa bí ìgbà téèyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́mì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ìjì náà padà wá, ó ṣì ku ògiri. Kọnkéré la fi tún un kọ́. Yàrá mẹ́jọ, gbogbo wọn ló kọjú sí òkun. Àwọn àlejò ń wá láti Tokyo, wọ́n á sùn sórí iyanrìn títí wọ́n á fi pọ́n bí edé sísè.

Ilé oúnjẹ yín náà ò tì. Ọdún kan gbáko ni Mọ́mì ò lè fọwọ́ kan ẹja. Ẹni tó bá wá jẹun nígbà yẹn, ejìnrìn tá a fi ẹyin àti tófù sóyà dín ló máa jẹ, ó fẹ́ ó kọ̀. Ní báyìí èmi ni mò ń gé ẹja. Mò ń gé e ní tútù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Bàbá Zenkichi, oníbàárà yín àtijọ́ yẹn, ń sọ pé tèmi nípọn jù, bẹ́ẹ̀ àwo mẹ́ta ló ń jẹ.

Èmi ni mò ń pa á pẹ̀lú. Irin ṣóńṣó yín yẹn, láàárín ojú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ máa ń sọ fún èmi àti Takumi ọ̀rẹ́ yín pé ẹja tó bá jẹ oró kó tó kú, ẹran ẹ̀ á bàjẹ́. Orí pátákó ẹja kan náà lẹ ti kọ́ àwa méjèèjì. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Torí ẹ̀yin ò rí irú ikú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn.

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn, mò ń ta omi dídì fáwọn àlejò létí òkun. Àsíá pupa tó ń kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má wọ òkun ti wà lókè, ìgbì ń fọ́ mọ́ òkúta lọ́ọ̀ọ́kán. Àlejò mẹ́jọ ti wọṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, Takumi ti ṣèlérí pé òun máa gbé wọn lọ sórí iyanrìn funfun tó máa ń yọ láàárín òkun. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀, ẹ fi sápò.

"Kosei, ṣé omi yìí lò ń sá fún? Ìyá mi á fi irú ẹ̀ fọ àwo."

"Lọ bá wọn fọ̀ ọ́ nígbà náà. Èèyàn kankan ò ní wọ̀ ọ́ lónìí."

"Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá."

"Wá mú un."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ rò pé eré ni. Ó fa ọ̀pá ìkọ́ tẹ́ ẹ fi ń wọ́ ẹja ńlá yọ látinú ọkọ̀, ó là á mọ́ yín lórí. Ẹ kúnlẹ̀. Ó tún là á. Ẹ ti dojú bolẹ̀ nígbà tó gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ ìró ẹ̀, bí ìgbà téèyàn fọ́ àgbọn. Ẹ̀jẹ̀ yín wọ iyanrìn, omi wá kó o lọ, ó tún padà wá. Ọjọ́ méjì lẹ fi bá ikú jà ní ọsibítù ní Naha. Ọjọ́ méjì, Bọ̀ọ̀dá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lù yín yẹn gan-an, ìgbì gbé ọkọ̀ ẹ̀ lófìfo, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́ mọ́ òkúta. Àwọn mẹ́jọ yẹn wà láàyè. Wọ́n ń fi káàdì ọdún tuntun ránṣẹ́. Mọ́mì ń tò wọ́n síwájú fọ́tò yín, èmi ò kì í kà wọ́n.

Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n fún Takumi. Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí erékùṣù wa, ó sọ̀kalẹ̀.

Mò ń pa ẹja fún oúnjẹ ìrántí yín lẹ́yìnkùlé. Mo gbójú sókè, òun rèé, ó mú ẹyọ tùràrí kan dání tó fi bébà wé. Ó ti gbẹ. Irun ẹ̀ ti ń funfun, ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré.

"Àbúrò," ó ní, "mo fẹ́ tan èyí fún un."

Ẹ mọ bó ṣe rí níbí: ẹni tó bá gbé tùràrí wá fún òkú lọ́jọ́ ìrántí, a kì í lé e. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fi pátákó ẹja gbá a lẹ́nu.

Eyín ẹ̀ kan já. Mo tún gbá a. Ó ṣubú lu kúlà, yìnyín dà nù, mo jókòó lé e láyà, mo fi irin ṣóńṣó kàn án láàárín ojú méjèèjì, mo tẹ̀ ẹ́ títí awọ fi là. Kò bá mi jà. Apá kan ló nà jìnnà sí ara ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kan tùràrí yẹn.

Bàbá Zenkichi yọjú látinú ilé oúnjẹ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Misuzu, tó o bá máa pa á, sún un kúrò nídìí ẹja. Èmi ò jẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn mọ́ ìrẹsì."

Mọ́mì jáde sẹ́yìn ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á fà mí dìde. Wọn ò fà mí.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi kọ́," wọ́n ní. "Tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọmọ kan ló ṣẹ́ kù fún mi, wọ́n á sì wá mú òun náà lọ."

Mo bojú wo Takumi. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn. Ó ti ṣubú ná. Kí lo gbá a fún?"

"N ò mọ̀," ó ní, ẹ̀jẹ̀ ń hó lẹ́nu ẹ̀. "Ọdún márùn-ún ni mo fi ń wá ìdí ẹ̀. N ò mọ̀ ọ́n, àbúrò."

Ká ní ó parọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá. Ká ní ó sọ pé inú ló bí òun, ǹ bá ti tẹ irin yẹn wọlé.

Mo dìde. Mo gba tùràrí náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà wa. Èmi ni mo gbé e síwájú fọ́tò yín, èmi ni mo ṣáná sí i, mo wá ṣí gbogbo fèrèsé tó kọjú sí òkun. Mo ní: èmi ò dárí jì í, ẹ gbọ́ o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kú, èmi kọ́. Tẹ́ ẹ ò bá gba tùràrí yìí, ẹ fẹ́ iná ẹ̀ pa.

Èmi àti Mọ́mì jókòó, à ń wò ó. Atẹ́gùn wọlé, ó da gbogbo káàdì sílẹ̀, ó pa àbẹ́là, ó pa tùràrí tèmi tí mo ti tàn láàárọ̀. Ti Takumi ò kú. Ó jó dé ìdí.

Mo jáde lọ bá a. "Ó gbà á. Èmi ò gbà á. Aago méjì ni ọkọ̀ ń padà." Ó forí kanlẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Mò ń bínú sí yín, kí n má parọ́. Ẹ ti fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ìjà yìí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ṣe láyé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. À ń ṣàárò yín gan-an, Bọ̀ọ̀dá Kosei. Èmi tí mò ń bínú yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn yín tó mi.