Wákàtí Kan Péré Ni Ọwọ́ Mi Lè Fi Dúró Jẹ́ẹ́

                                        Ilé Ẹbí Ọmọ́yẹlé,
                                        Etí Odò,
                                        Ugbonla,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2024.

Kọ́lájọ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ara rẹ ní Àkúrẹ́? Ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń sùn lórí ìdúró? Àǹtí rẹ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Mo kí wọn púpọ̀. Àwa níbí wà láàyè. Ìye, ìyá mi, wà nídìí ẹja yíyan, wọ́n ní kí n kí ọ. Wọ́n ní bí o bá tún jẹ́ kí Kérésì kọjá láìwálé, àwọn yóò fi orúkọ rẹ sọ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Òkun náà wà, ó ṣì ń bọ̀. Ó ti gbé ibi tí kíláàsì wa wà lọ, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tí èmi àti ìwọ máa ń jókòó lé. N kò mọ ohun tí òkun fẹ́ fi bẹ́ǹṣì ṣe.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ọdún tó kọjá tí o mú mi lọ rí dókítà yín, tó sọ pé ọ́tísíìmù ni orúkọ ohun tó ń mú mi gbọn ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tí mo fi ń mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó, ìwọ nìkan ni o kò tíì ní kí n lọ gbààwẹ̀ sí i. O kọ ọgbọ́n mẹ́rin ránṣẹ́ tí mo lè máa dá láàárín èrò kí ojú má baà máa wò mí. O ṣeun. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé n kì í purọ́ fún ọ: méjì nínú wọn kò dára.

O ní kí n fi òkúta wẹ́wẹ́ sí àpò, kí n máa fi ìka yí i. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di àsìkò ọrẹ. Nígbà tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo sì ju òkúta sí i. Ó dún. Arákùnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ wo òkúta, ó wo ojú mi, ó ní, "Arákùnrin Pius, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní rárá. Mo mú òkúta mi padà, mo fi ọrẹ sí i. Gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn mi ló gbọ́.

Ṣingọ́ọ̀mù ni èkejì. Mo jẹ ẹ́ ní báńkì ní Igbókọ̀dá. Ẹnu mi gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ̀ pé ẹnu ti ń bá òun ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí pé ta ni mò ń juwọ́ sí. Mo ní kò sí ẹnì kankan. Ó ní kí n lọ máa juwọ́ sí i níta.

Méjì tó kù dára. Fífi ìka ẹsẹ̀ tẹ bàtà mọ́lẹ̀ dára, nítorí kò sí ẹni tó ń wo inú bàtà ẹlòmíràn. Èyí tó dára jù ni pé kí n fún ọwọ́ mi ní iṣẹ́ tó mọ̀. Àwọ̀n ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo gé okùn àwọ̀n tó gùn díẹ̀, mo fi sí àpò, mo ń ta á ní kókó, mo ń tú u. Mo tilẹ̀ wá rí i pé ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mi kò fi ní orúkọ títí mo fi dàgbà. Ní etíkun wa, ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń sinmi? Bí a bá jókòó sọ̀rọ̀, à ń tún àwọ̀n ṣe. Bí a bá wọ ọkọ̀, gbogbo wa ló ń mì. Ìgbà tí mo bá bọ́ sí pálọ̀ onípálọ̀, tí àwọ̀n kò sí níbẹ̀, ni àwọn ènìyàn ń rí mi.

Mo fi ìka ẹsẹ̀ àti okùn wọn ara mi. Wákàtí kan ni. Mo lè jókòó láàárín àlejò fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹ́ńjìnnì tí kò fa omi, àfi kí n jáde.

Ọ̀rọ̀ Happiness ló mú mi kọ ìwé yìí gan-an. O rántí rẹ̀, ọmọ Òde Ugbo tó ń ránṣọ ní Igbókọ̀dá, tí mo ní èmi yóò fẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Olówòkéré, ló fi iṣẹ́ ẹja tọ́ ọ dàgbà. Bàbá yìí ní àbúrò obìnrin kan, Àǹtí Beauty. Àǹtí Beauty rí mi níbi ìsìnkú kan ní Ugbonla níbí, nígbà tí wákàtí mi ti pé tí n kò rí ọ̀nà jáde. Wọ́n béèrè lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ṣé ẹ̀fọn ni ọmọkùnrin yìí ń kà ni?" Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n sọ fún Bàbá pé orí mi kò pé. Bàbá ránṣẹ́ pé kí n wá, kí àwọn fi ojú ara àwọn rí mi, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Happiness sọ fún mi láìfi epo bọ iyọ̀ pé bí Bàbá bá kọ̀, òun kò ní fẹ́ mi. Ó ní òun kò lè kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó tọ́ òun. Mo ní ó tọ́. Ó wá ní kí n sọ òótọ́ fún Bàbá bí mo bá ti ń wọlé. Mo ní rárá, wákàtí kan á tó. O mọ̀ mí.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ìjókòó. Ìye mi jókòó síwájú mi pẹ̀lú agogo, wọ́n ń wò mí bí ẹja tó wà lórí iná. Ní Sátidé, èmi àti bàbá mi kékeré, Bàbá Ọlọ́rundáre, wọ ọkọ̀, a dé Òde Ugbo ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo sì so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé Bàbá, nínú odò kékeré tó wà níbẹ̀. Kọ́lájọ, òṣùpá ti kún. Kò sí apẹja tí kò mọ̀ pé bí òṣùpá bá kún, omi á fà jìnnà. Èmi tí mo ti ń wo omi láti ọmọ ọdún mẹ́fà, n kò wo omi. Ìjókòó ni mò ń rò.

Wákàtí àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Èmi àti Bàbá jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ni. Wọ́n sanra, wọ́n ró aṣọ tó nípọn, tí wájàwájà, fọ́nrán òwú tó ń rọ̀, wà létí rẹ̀ yíká. Wọ́n bi mí nípa edé, wọ́n bi mí nípa àwọ̀n, mo dáhùn. Ìka ẹsẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́ nínú bàtà, okùn ń ṣiṣẹ́ nínú àpò. A jẹ pupuru àti ẹja. Ní aago mẹ́sàn-án, Bàbá Ọlọ́rundáre ní kí a máa lọ. Àǹtí Beauty lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ jókòó o," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ yín náà ti jókòó. Ẹrẹ̀ ló wà."

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ lo so ó síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Òṣùpá àná ńkọ́, o rí i?"

"N kò wò ó."

Omi kò ní padà títí di aago méjì ọ̀sán.

Mo jáde lọ wo ọkọ̀. Lẹ́yìn ilé ni mo ti gbọn ọwọ́ mi tó bó ṣe yẹ, ewúrẹ́ méjì ń wò mí. Mo wọlé. Mo tún jáde lọ wo ọkọ̀. Nígbà kẹrin, Àǹtí Beauty ní, "Jókòó, jàre. Ọkọ̀ inú ẹrẹ̀ kì í sá lọ." Mo jókòó. Ìka ẹsẹ̀ mi ti kú. Okùn inú àpò ti di kókó kan ṣoṣo, ọwọ́ kan kò lè tú u mọ́. Mo fà á jáde sábẹ́ etí ẹ̀wù mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì tú u. Lẹ́yìn ìyẹn n kò mọ̀ mọ́, nítorí ọwọ́ mi kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara mi balẹ̀. Mo wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá dáadáa. Wọ́n ń sọ nípa ayé ìgbà tí ọkọ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọlọ́rundáre ti sùn.

Lẹ́yìn aago méjì, Happiness kígbe láti ẹ̀yìnkùlé pé omi ti dé. Bàbá Ọlọ́rundáre jí, wọ́n ti sáré bọ́ sínú ọkọ̀. Bàbá Olówòkéré dìde láti sìn wá. Aṣọ wọn kò bá wọn dìde.

Gbogbo wa wo ilẹ̀. Mo ti fi okùn mi àti wájàwájà aṣọ Bàbá hun àwọ̀n. Ojú mẹ́tàdínlógójì ni, mo kà á lẹ́yìn náà. Mo sì ti so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, bí a ṣe máa ń so ó kí iṣẹ́ má baà dẹ̀.

Àǹtí Beauty pàtẹ́wọ́. "Mo wí i, ẹ ní mò ń ṣe àbòsí! Ẹ fún mi ní sísọ́ọ̀sì!"

"Ẹ má gé e," ni Bàbá wí, wọ́n sì padà jókòó. Wọ́n bi mí pé, "Kí lèyí?"

Mo ti ní irọ́ kan nílẹ̀ láti ilé. N kò lò ó. Mo sọ pé bí ọwọ́ mi ṣe rí nìyẹn láti kékeré, pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, pé kì í ran ẹnikẹ́ni, kì í sì í dùn mí. Dídá a dúró ló ń dùn mí, bí ẹni tó ń pa sísín mọ́ra láti àárọ̀ di alẹ́. Mo ní wákàtí kan ni mo lè pa á mọ́, ó sì ti tán láti aago mẹ́sàn-án.

"Happiness mọ̀?"

"Ó mọ̀. Òun ló ní kí n sọ fún yín. Èmi ni mo kọ̀."

"Kí ló dé tí o fi kọ̀?"

"Mo rò pé ẹ kò ní fi í fún mi bí ẹ bá mọ̀."

Bàbá fi àtàǹpàkò fa kókó kan wò. Kò yẹ̀. Wọ́n ní, "Láti aago mọ́kànlá ni mo ti rí ọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá fi í sílẹ̀ lágbede méjì ni." Wọ́n fi kókó náà sílẹ̀. "N kò bá ọwọ́ rẹ jà. Ẹni tó wá fi wákàtí kan tàn mí jẹ nínú ilé mi ni mò ń bínú sí. Bí mo bá fún un ní ọmọ, kí ni yóò tún fi pa mọ́ fún ọmọ náà? Tú u."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo ń tú u. Bàbá Ọlọ́rundáre ń pariwo láti inú ọkọ̀ pé omi kò ní dúró dè wá. Mo ń mì bó ṣe wù mí, n kò fi nǹkan kan bò ó. Ó pẹ́. Happiness ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ láti àárọ̀." Àǹtí Beauty wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ náà dúró. Nígbà tó ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, mo fi ọwọ́ na wájàwájà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá yẹ aṣọ wọn wò yípo. Wọ́n ní, "Kí àwọn ènìyàn rẹ wá ní oṣù kejì. Kí o wo òṣùpá kí o tó gbéra. Kí o sì mú okùn tó gùn dáadáa wá, nítorí aṣọ tí n óò ró lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe èyí."

Happiness sìn mí dé ọkọ̀. Ó ní, "Mo sọ fún ọ." Mo ní ó sọ fún mi.

N óò ṣì máa fi ìka ẹsẹ̀ tẹ bàtà ní báńkì. Èmi àti àwọn ará báńkì kò jọ fẹ́ di ẹbí. Ṣùgbọ́n ní Òde Ugbo, mo ti pa wákàtí kan yẹn tì, àpò kò ní bo ọwọ́ mi mọ́.

Nítorí náà, tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù kejì tó dé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá jókòó sí. N kò gbàgbé pé ní kíláàsì, ìwọ lo máa ń fi gbogbo ara tẹ igun kejì bẹ́ǹṣì wa mọ́lẹ̀ kí ó má baà máa dún bí mo bá ń mì, kí Tíṣà má baà gbọ́ kí wọ́n gbé pàṣán dé. Ọdún mẹ́fà lo fi ṣe é, o kò sì fi ìgbà kan bi mí pé kí ló dé. Lọ́tẹ̀ yìí, má tẹ ẹ́. Jẹ́ kí ó máa dún.

Bá mi kí Àǹtí rẹ. Ìye ní ewúrẹ́ ń kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí kò tíì mọ ìjókòó,

Pius Ọmọ́yẹlé.