Ẹ̀rọ Náà Ti Fọhùn

Ọmọ mi,

Bí o bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, má di ẹ̀rọ yìí sínú páálí mọ́ o. Ó ti fọhùn!

Mo ní kí n bá ọ palẹ̀ sintesáísà náà, ẹ̀rọ orin tí o fẹ́ tà, mọ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé ni mo bá rí àpótí kékeré kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá. O ní ènì lásán ni. Mo ka ìwé rẹ̀ bí mo ṣe ń ka Bíbélì, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní ohùn gìtá kéré jù fún ẹ̀rọ náà, àfi kó kọ́kọ́ gba inú àpótí yìí kọjá kó lè ròkè. Ìwọ wá ń ki wáyà gìtá bọ inú ẹ̀rọ tààrà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ń sunkún pé orí rẹ ò gbé e.

Mo so gìtá, àpótí àti ẹ̀rọ pọ̀, mo ta okùn gìtá kan. Ilé mì tìtì! Bàbá rẹ sáré jáde ní balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú.

“Ìyá yìí, kí lo bà jẹ́?”

“Mi ò ba nǹkan kan jẹ́ o. Òkú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló jí dìde!”

Mo ti pe oníbàárà rẹ pé a ò tà mọ́. Inú bí i, mo sì bẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí tí mi ò kọ́kọ́ bi ọ́.

Bàbá rẹ wà ní pálọ̀. Ó ní òun ò ní lọ síbi iṣẹ́ àfi tí òun bá gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ. Ògo ni fún Ọlọ́run. Má tíì bọ́ bàtà, lọ ta gìtá rẹ.

Ìyá rẹ