Abẹ́rẹ́ Epo Tó Kọ̀ Tí Kò Sọ̀ Kalẹ̀

Bámiṣayọ̀ ọmọ mi,

Okun o, okun iṣẹ́, okun oòrùn Nyanya, okun gbogbo alùpùpù olóríkunkun tí o ń tún ṣe. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí irin iṣẹ́ ṣe ọ́ léṣe, kò sì ní jẹ́ kí oníbàárà gbé ọkọ̀ lọ láìsanwó. Àlàáfíà ni a wà nílé. Ṣé ìjọba tí wọ́n ní ó ń kó olú ìlú bọ̀ wá sí Àbújá láti ọjọ́ yìí wá ti dé? A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ níbí. Bó bá jẹ́ pé epo ló tán lójú ọ̀nà, kò burú, nítorí ọ̀rọ̀ epo náà ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé.

O rántí pé nígbà tí o gbé alùpùpù yìí wá fún mi lọ́dún Àjíǹde, o rọ epo kún un, o fi géèjì rẹ̀ hàn mí, o ní bí abẹ́rẹ́ bá wà lókè, epo kún, bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí n lọ ra òmíràn. Ọmọ mi, mo gùn ún lọ oko, mo gùn ún lọ ọjà, mo gùn ún lọ bá wọn sìnkú, abẹ́rẹ́ kò kúrò lókè. Kí oṣù tó parí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ Olúwa ni. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ mo dìde, mo jẹ́rìí níwájú ìjọ pé kólòbó òróró opó Sáréfátì ti di táńkì alùpùpù ní abúlé wa. Wọ́n pariwo Alelúyà títí páànù òrùlé fi ń dún. Láti ọjọ́ náà ni Pásítọ̀ Babalọlá ti sọ ẹ̀yìn mi di àga, ó ní kò yẹ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa fẹsẹ̀ rìn níbi tí Ọlọ́run ti ń rọ epo. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ gbé gálọ̀nù wá, wọ́n ní kí n bù díẹ̀ fún àwọn. Ìyá rẹ nìkan ni kò pariwo, ó kàn ń wò mí.

Nígbà tí mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ, dípò kí o bá mi yọ̀, o fèsì pé abẹ́rẹ́ ló há. O ní kí n fi ìka kan dígí rẹ̀, bí kò bá sún, kí n yọ wáyà tó ti inú táńkì wá. Inú bí mi gan-an. Ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo ní kí o lọ kọ́ ló sọ ọ́ di aláìgbàgbọ́? Síbẹ̀ mo ṣe é. Mo kan dígí, abẹ́rẹ́ dúró. Mo gbàdúrà, mo tún kan án, ó dúró. Mo yọ wáyà kúrò pátápátá, abẹ́rẹ́ ṣì ń sọ pé epo kún! Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí wáyà ò sí níbẹ̀ mọ́, ta ló tún ń bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe Ọlọ́run? Mo ki igi bọ inú táńkì, igi sì jáde pẹ̀lú epo. Mo ní ọ̀rọ̀ bùṣe, àwọn ará Àbújá ò mọ nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ibà dá ìyá rẹ gúnlẹ̀. Èmi àti Pásítọ̀ ń lọ wàásù, àárín òkè ni alùpùpù ti wúkọ́, ó sì kú. Mo wo abẹ́rẹ́, ó kún. Pásítọ̀ ní bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo fi pa mọ́. Mo ní bóyá òun ló wúwo jù. Bẹ́ẹ̀ la tì í dé ọ̀dọ̀ Màmúdù tó ń ta epo inú ìgò létí títì. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ìyàwó mi ńkọ́, pé láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti jẹ́rìí ló ti ń wá ra epo tó ń rọ sínú táńkì nígbà tí mo bá sùn, kí ló dé tí òun ò rí i. Ó ní kai, bí Ọlọ́run bá ń pín epo lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé yìí, ṣé òun tí ọjà òun máa bàjẹ́ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?

Mo délé. Mo bi ìyá rẹ. Ó kọjú sí ògiri, ó ní òun mọ̀ pé epo máa tán, gbogbo ìjọ ló sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ, ó sàn kí òun ná owó ẹ̀gúsí òun ju kí wọ́n máa pe ọkọ òun ní òpùrọ́ lójú òun. Ọmọ mi, ojú tì mí, mo sunkún, má sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yín. Pásítọ̀ ní kí n fi ẹ̀rí yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé igbá ọrẹ ti ń wúwo láti ìgbà náà. Mo ní ẹni tó ń gun epo ìyàwó mi kò lè tún pa mí lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín débi pé a ò lè kọ orin. Ìyá rẹ fi gèlè bojú, ṣùgbọ́n mo rí eyín rẹ̀.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, má fi géèjì ránṣẹ́. Kó owó ẹ̀gúsí ìyá rẹ fún ẹni tó máa fi lé e lọ́wọ́ tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ mi, nítorí táńkì ń bẹ nílẹ̀. Fi tèmi náà sí i lọ́tọ̀. Ní ti abẹ́rẹ́, jẹ́ kó máa parọ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá fẹ́ jáde báyìí, ojú ìyá rẹ ni mo ń wò, bó bá ti fajú ro, mo mọ̀ pé epo ti tán.

Ọlọ́run á fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ ní Àbújá, á sì là ọ́ lójú kí o tètè mọ̀ pé òun ló ń rọ epo.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́runfẹ́mi